Ìtàn Ìgbésí Ayé Mont Liggins, Oníṣègùn Tí Ó Wá Èémí fún Àwọn Ọmọ Tí Oṣù Wọn Kò Pé

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti ilé ọlọ́lá. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1963, aya John Kennedy, ẹni tí í ṣe Ààrẹ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nígbà náà, bí ọmọkùnrin kan nígbà tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 34. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Patrick. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 2.1, èyí tí kò burú jù fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tí mímí fi di iṣẹ́ ńlá fún un. Wọ́n gbé e lọ sí ìlú Boston, wọ́n pe àwọn àgbà oníṣègùn jọ, wọ́n gbé e sínú yàrá kan tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kún, síbẹ̀ ọmọ náà kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà. Wákàtí 39 péré ni ó lò láyé. Kò sí ẹni tí bàbá rẹ̀ kò lè ránṣẹ́ pè ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tí ẹnikẹ́ni ní lọ́wọ́.

Àwọn onímọ̀ ti mọ ohun tí ó pa á. Ní ọdún 1959, obìnrin oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Mary Ellen Avery, pẹ̀lú Jere Mead, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní ìlú Boston kan náà. Nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí ó pé oṣù, nǹkan kan wà tí ó ń yọ̀ díẹ̀ bí omi ọṣẹ, tí ó tẹ́ sára àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké. Òun ni kì í jẹ́ kí àwọn àpò wọ̀nyí lẹ̀ pọ̀ nígbà tí a bá mí èémí jáde. Ọmọ tí ó bá yára wá sáyé kò tíì ní i tó. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú rí láti ṣí ọ̀rá tí omi ti mú kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra yóò lóye ohun tí à ń wí. Gbogbo èémí tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá mí dà bí ẹni tí ó ń ṣí ọ̀rá náà. Bí ó ti ń ṣí i ni ó tún ń lẹ̀ pọ̀. Láàrin ọjọ́ kan sí méjì, agbára rẹ̀ a tán.

Ní ọdún tí Patrick kú yìí, ọkùnrin kan wà ní ìlú Auckland, ní orílẹ̀-èdè New Zealand tí ó jìnnà réré sí ibi gbogbo, tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Graham Collingwood Liggins ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Mont. A yàn láti sọ ìtàn rẹ̀ nítorí ìbéèrè kan tí àwọn ìyá ń bi wá léraléra: bí ilé ìwòsàn bá sọ fún aboyún pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ rẹ̀ tètè dé, tí wọ́n sì fẹ́ gún un ní abẹ́rẹ́ steroid tí yóò gbó ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà, ṣé abẹ́rẹ́ náà kò ní ṣe ọmọ ní ibi? Ìdáhùn wà nínú ìtàn ọkùnrin yìí, kò sì rọrùn tó bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

A bí Liggins ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1926 ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Thames. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀ ní ìlú náà. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Auckland Grammar, ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Otago, ó sì gboyè jáde ní ọdún 1949. Lẹ́yìn èyí, ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìmọ̀ nípa oyún àti ìbímọ sí i, ó sì padà sí Auckland ní ọdún 1959 láti ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìwòsàn National Women's.

Ilé ìwòsàn yìí kò lókìkí nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà níbẹ̀ tí okìkí rẹ̀ yóò kàn káàkiri ayé láìpẹ́. William Liley ni, ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe àṣeyọrí nínú fífa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára nígbà tí ọmọ náà ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, ní ọdún 1963. A gbọ́ pé Liggins tọ̀ ọ́ lọ, ó sì bi í léèrè nípa ìṣòro tí ó tóbi jù lọ tí ó kù nínú iṣẹ́ wọn. Liley dá a lóhùn pé bíbí ọmọ ṣáájú àkókò ni. Ìdáhùn náà ni Liggins fi ṣe iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ọ̀nà tí ó gbà ronú, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀dọ̀fóró rárá. Ó rò ó pé kí a tó lè dá ìrọbí tí ó tètè dé dúró, a ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń mú ìrọbí bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó yẹ. Ta ni ó ń dá ọjọ́ náà, ṣé ìyá ni àbí ọmọ? Láti ayé Hippocrates, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ni àwọn kan ti ń sọ pé ọmọ ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn màlúù àti àgùntàn ni ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ní ìpínlẹ̀ Idaho ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn àgùntàn kan wà tí wọ́n ń jẹ ewé igbó kan nígbà tí oyún wọn wà ní nǹkan bí ọjọ́ 14. Ewé náà a ba ojú àti ọpọlọ ọmọ inú wọn jẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń bí ọmọ olójú kan. Ìyẹn nìkan kọ́ ni ìyàlẹ́nu. Ọjọ́ ìbí irú oyún bẹ́ẹ̀ a tún kọjá, ọmọ náà a sì máa dàgbà sí i nínú ìyá rẹ̀ láìsí ìrọbí. Àwọn màlúù kan náà wà tí oyún wọn ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé ẹṣẹ́ kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ ọmọ, tí wọ́n ń pè ní pituitary, kò ṣiṣẹ́. Liggins lọ sí Yunifásítì California ní ìlú Davis láti bá àwọn onímọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn ṣiṣẹ́. Òun àti Kennedy kan (kì í ṣe ti ìdílé Ààrẹ o) àti Holm fi iná mànàmáná díẹ̀ jó ẹṣẹ́ yìí lára ọmọ àgùntàn tí ó wà nínú ìyá rẹ̀, ìrọbí kò sì wáyé. Wọ́n gbé ìwádìí náà jáde ní ọdún 1967.

Ó padà sí New Zealand níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ibùdó ìwádìí nípa ọ̀sìn ní Ruakura, lẹ́bàá ìlú Hamilton. Ó yí ìbéèrè náà padà báyìí. Bí bíba ẹṣẹ́ náà jẹ́ bá ń dá ìrọbí dúró, ṣé fífún ọmọ inú ní họ́mọ̀nù tí ẹṣẹ́ náà ń pè jáde yóò mú ìrọbí bẹ̀rẹ̀? Họ́mọ̀nù náà ni cortisol, tí ẹṣẹ́ mìíràn tí ó jókòó sórí kíndìnrín ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Bí ó bá ti fi cortisol tàbí oògùn tí ó jọ ọ́ sí ọmọ àgùntàn lára nínú ìyá rẹ̀, ìyá náà a bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ àgùntàn fúnra rẹ̀ ni ó ń dá ọjọ́ tí yóò wáyé. Inú Liggins dùn gidigidi. Ó dà bí ẹni pé kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Kọ́kọ́rọ́ náà kò ṣí ilẹ̀kùn tí ó rò. Ara ènìyàn kò ṣe bí ti àgùntàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Cortisol kì í mú kí obìnrin rọbí, bẹ́ẹ̀ ni títí di òní yìí, kò sí ẹni tí ó lè sọ ní pàtó ohun tí ó ń dá ọjọ́ ìbí ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ parí sí, kò sí ìdí tí a ó fi máa kọ̀wé nípa rẹ̀ lónìí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Liggins wọ ilé tí ó ń so àwọn àgùntàn rẹ̀ sí, ó sì bá ọmọ àgùntàn kan tí wọ́n bí lóru. Oyún àgùntàn a máa pé ní nǹkan bí ọjọ́ 147. Ọjọ́ 117 péré ni èyí. Ọmọ àgùntàn tí a bá bí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í mí rárá, nítorí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ a le, a sì wúwo bí ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n èyí ń mí. Kò mí dáadáa, kò sì pẹ́ láyé, síbẹ̀ ó ń mí. Nígbà tí ó kú, tí Liggins là á wò, ó rí i pé afẹ́fẹ́ ti wọ inú apá kan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọmọ àgùntàn yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti fún ní steroid nínú ìyá wọn.

Ẹlòmíràn ìbá ju òkú ẹran náà nù, kí ó sì máa bá ìwádìí nípa ìrọbí lọ. Ohun tí ó wá kọ́ ni èyí. Ní tiwa, ibi yìí ni a ti rí irú ènìyàn tí Liggins jẹ́, ju ibi àwọn àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ lọ. Ó lóye lójú ẹsẹ̀ pé steroid ti gbó ẹ̀dọ̀fóró náà ṣáájú àkókò rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí rẹ̀ ti ọdún 1969. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin.

Ẹni tí wọ́n jọ ṣe é ni Ross Howie, oníṣègùn àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn kan náà. Ọwọ́ Liggins ni ìyá wà, ọwọ́ Howie ni ọmọ ń bọ́ sí. Láti oṣù kejìlá ọdún 1969, obìnrin tí ó bá wá pẹ̀lú ìrọbí tí ó yá jù a gba ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ méjì. Betamethasone, tí í ṣe irú steroid kan, wà nínú ọ̀kan. Èkejì jọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní agbára rẹ̀. Wọ́n ń gún un lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí 24 a sì wà láàrin wọn. Ẹni tí ń gún abẹ́rẹ́ kò mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ òun, ìyá náà kò sì mọ̀ ọ́n. A lè rò pé ó yẹ kí wọ́n ti fún gbogbo ènìyàn ní oògùn náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà bóyá oore ni àbí ibi.

Àbọ̀ ìwádìí lórí àwọn ìyá 282 àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1972. Nínú àwọn ọmọ tí ìyá wọn rọbí láìròtẹ́lẹ̀, àìsàn mímí bá nǹkan bí 26 nínú 100 lára àwọn tí kò gba steroid. Nínú àwọn tí ó gbà á, 9 nínú 100 ni. Ikú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dín kù láti 15 nínú 100 sí nǹkan bí 3. Abẹ́rẹ́ méjì péré ni, iye owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

A gbọ́dọ̀ fi kún un pé láti inú ìwé kan náà ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ ti wá. Liggins àti Howie kò fi pamọ́ pé àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ríru líle bá nínú oyún lè wà nínú ewu, nítorí ó jọ pé ọmọ inú wọn kú ju bí ó ti yẹ lọ lẹ́yìn tí wọ́n gba oògùn náà. Wọ́n tún rí i pé èrè abẹ́rẹ́ náà kò hàn lára ọmọ tí ó bá wáyé kí wákàtí 24 tó pé. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀lé e kò fi ìdí ìbẹ̀rù ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà múlẹ̀. Ti àkókò ni kò kúrò nílẹ̀.

Báwo ni ayé ṣe gba ìròyìn ayọ̀ yìí? Pẹ̀lú ìlọ́ra. Ó lé ní ogún ọdún tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù fi ń ṣiyèméjì. Àwọn kan ń bẹ̀rù àrùn fún ìyá, àwọn kan ń bẹ̀rù ohun tí yóò hàn lára ọmọ ní ọjọ́ iwájú. Títí di ọdún 1994, tí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìlera péjọ tí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kò tó ìdámárùn-ún àwọn obìnrin tí ó yẹ kí wọ́n gbà á ní ilẹ̀ náà tí ó ń rí i gbà. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Cochrane sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa kó àbọ̀ àwọn ìwádìí ìṣègùn jọ, wọ́n ya ìlà àbọ̀ ìwádìí méje lórí oògùn yìí gẹ́gẹ́ bí àmì ẹgbẹ́ wọn. Ti Liggins àti Howie wà nínú rẹ̀. Àmì náà ń rán ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ létí àwọn ọmọ tí ó kú nítorí pé ẹ̀rí ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò kó o jọ kà.

Liggins kò jókòó de ìyìn. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Auckland. Ó tilẹ̀ bá àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà lọ sí Antarctica, ilẹ̀ yìnyín ní ìsàlẹ̀ ayé, láti wo bí ẹran omi kan tí ń jẹ́ seal ṣe ń wọ ìsàlẹ̀ òkun fún ìgbà pípẹ́ pẹ̀lú oyún nínú láìjẹ́ pé ọmọ rẹ̀ kú. Ní ọdún 1980, Royal Society ti ìlú Lọ́ńdọ́nù gbà á wọlé. Ní 1991, wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá. Ní 2001, Yunifásítì Auckland dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ó kú ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2010, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 84.

Ẹ jẹ́ kí a wá dá ìbéèrè àwọn ìyá lóhùn. Kò sí ẹ̀bùn kankan tí àwọn ọmọ tí a bí nínú ìwádìí náà fún ayé tí ó tó pé wọ́n gbà kí á tún máa yẹ̀ wọ́n wò. Gbogbo ìyá tí ó kópa títí ìwádìí náà fi parí ní ọdún 1974 jẹ́ 1,142. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn di ẹni 30 ọdún, àwọn onímọ̀ wá wọn rí, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, wọ́n yẹ ọkàn àti làákàyè wọn wò. Kò sí ìyàtọ̀ tí ó ṣe gbòógì láàrin àwọn tí ìyá wọn gba steroid àti àwọn tí kò gbà á, àyàfi àyípadà díẹ̀ nínú bí ara wọn ṣe ń lo ṣúgà. Wọ́n tún wá wọn nígbà tí wọ́n tó ẹni 50 ọdún, wọn kò sì rí i pé àrùn ọkàn pọ̀ sí i lára wọn. Fún ọmọ tí yóò wáyé ṣáájú àkókò ní tòótọ́, abẹ́rẹ́ ìgbà kan kò jọ ohun tí ó yẹ kí a máa bẹ̀rù.

Ewu ń bẹ nígbà tí a bá ṣì í lò. Nígbà tí àwọn oníṣègùn gba oògùn náà tán, àwọn kan rò pé bí ẹ̀ẹ̀kan bá dára, ìgbà púpọ̀ yóò dára jù, wọ́n sì ń gún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwádìí kan ní orílẹ̀-èdè 20, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2008, fi hàn pé àwọn ọmọ tí ìyá wọn gbà á léraléra fúyẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ ní nǹkan bí gíráàmù 113, orí wọn sì kéré sí i, láìjẹ́ pé wọ́n rí èrè kankan lé e. Ní ọdún 2016, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fún àwọn aboyún ọ̀sẹ̀ 34 sí 36 ní abẹ́rẹ́ náà. Ó ran mímí àwọn ọmọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù lára 24 nínú 100 wọn, nígbà tí ó jẹ́ 15 nínú 100 lára àwọn tí kò gbà á.

Èyí tí ó yẹ kí ó mú wa ronú jù ni ti ilẹ̀ Finland. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ níbẹ̀ yẹ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí ó lé ní 670,000 wò. Nǹkan bí 45 nínú 100 àwọn ọmọ tí ìyá wọn gba steroid ni oṣù wọn padà pé kí wọ́n tó bí wọn! Ìrọbí tí wọ́n rò pé ó dé kò dé. Àwọn onímọ̀ náà sì rí i pé àìsàn ọpọlọ àti ìwà pọ̀ díẹ̀ sí i lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀: nǹkan bí 9 nínú 100, ní ìfiwéra pẹ̀lú 6 nínú 100 lára àwọn tí wọ́n pé oṣù láìgba abẹ́rẹ́. Irú ìwádìí báyìí kò lè fi dáni lójú pé abẹ́rẹ́ náà ni ó fà á, nítorí pé oyún tí ó fún oníṣègùn ní ìbẹ̀rù lè ní ìṣòro mìíràn nínú. Síbẹ̀, ọmọ tí kò nílò oògùn kò rí èrè kankan nínú rẹ̀, bí ewu bá sì wà, òun ni yóò gbé e.

Ẹ rí i pé a ti padà sí ìbéèrè tí Liggins gbé lọ bá àwọn àgùntàn. Èrè abẹ́rẹ́ náà pọ̀ jù bí ọmọ bá wáyé láàrin ọjọ́ kan sí ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni ó mọ̀ bóyá ọ̀la ni àbí oṣù tí ń bọ̀? Ohun tí àwọn oníṣègùn ní kò ju àmì lọ. Obìnrin tí ó ti bí ọmọ aláìpé oṣù rí wà lójú ewu ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú lè wọn gígùn ọrùn ilé ọmọ. Bí ó bá kúrú ju mìlímítà 25 lọ ní àárín oyún, ìfòyà wà. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kan tí ó ń wá èròjà kan nínú omi ojú ara obìnrin. Bí àyẹ̀wò náà bá sọ pé èròjà náà kò sí, ó ṣeé gbára lé pé ìrọbí kò ní dé láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá sọ pé ó wà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ kì í dé. A ti mọ ẹni tí kò tíì tó àkókò rẹ̀ dáadáa ju ẹni tí àkókò rẹ̀ ti tó lọ.

Lẹ́yìn ikú Liggins ni àìmọ̀ yìí hàn kedere jù. Láti ọdún 2011 sí 2014, wọ́n gbé steroid lọ sí àwọn ìgbèríko Argentina, Guatemala, India, Kenya, Pakistan àti Zambia, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé lè máa gún un. Nǹkan bí 100,000 ìbímọ ni ó wà nínú ìwádìí náà. Nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, ó ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn jẹ́. Àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n fẹ́ gbà là kò yè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ti gbogbo ọmọ lápapọ̀, ibi tí wọ́n ti gbé oògùn náà dé ni ikú ti pọ̀ jù: nǹkan bí 27 nínú 1,000, dípò 24. Àrùn sì pọ̀ sí i lára àwọn ìyá. Ìwọ̀nba aboyún ni a mọ iye ọ̀sẹ̀ oyún wọn dájú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ tí ó gba abẹ́rẹ́ ni kò bí ọmọ aláìpé oṣù, ibi tí wọ́n sì bímọ sí kò ní ohun tí a fi ń tọ́jú ọmọ tí ó kéré.

Àjọ Ìlera Àgbáyé wá là á sílẹ̀ ní ọdún náà pé kí a má ṣe gún abẹ́rẹ́ yìí bí a kò bá mọ ọjọ́ orí oyún dájú, bí ìbímọ kò bá sún mọ́lé, bí àrùn bá wà lára ìyá, tàbí bí kò bá sí ìtọ́jú tí ó péye fún ìyá àti ọmọ. Aboyún tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ náà lọ̀ lè fi àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe ìbéèrè lọ́wọ́ oníṣègùn rẹ̀, kò sì sí àfojúdi nínú rẹ̀. A tún ń rọ àwọn ìyá ìjọ kí wọ́n má ṣe dúró di oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀, nítorí àwòrán inú tí wọ́n bá yà ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó ń sọ ọjọ́ orí oyún pẹ̀lú ìdánilójú jù lọ.

Àjọ náà tún ṣe ìwádìí mìíràn, ní àárín wa ni wọ́n sì ti ṣe apá kan rẹ̀. Ilé ìwòsàn 29 ní Bangladesh, India, Kenya, Nàìjíríà àti Pakistan ni ó kópa, àwọn oníṣègùn Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó darí ti Nàìjíríà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi ẹ̀rọ awòran mọ iye ọ̀sẹ̀ oyún kọ̀ọ̀kan, aboyún ọ̀sẹ̀ 26 sí 33 tí ìbímọ rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà, ilé ìwòsàn tí ó lè tọ́jú ọmọ kéékèèké ni wọ́n sì ti ṣe é. Dexamethasone, tí í ṣe ẹbí oògùn Liggins, ni wọ́n lò. Obìnrin 2,852 ni ó kópa. Nínú àwọn ọmọ tí ìyá wọn gba oògùn náà, 19.6 nínú 100 ni ó kú láàrin oṣù àkọ́kọ́, dípò 23.5. Àwọn ìyá kò sì ní àrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ìwádìí náà ní kí wọ́n dá a dúró kí ó tó parí, nítorí pé kò tọ́ mọ́ láti máa fún ìdajì àwọn ìyá ní abẹ́rẹ́ tí kò ní nǹkan nínú. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2020, ọdún kẹwàá lẹ́yìn tí Mont Liggins kú.